Ọkọ̀ àlòkù tí kì í mu epo: ohun tí nọ́ńbà orí ìwé kò sọ fún yín

Lóṣù Kẹta ọdún 2024, Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde tó da ọ̀pọ̀ èèyàn lójú rú. Wọ́n ka iye epo tí àwọn ọkọ̀ tí wọ́n forúkọ wọn sílẹ̀ ní tuntun lọ́dún 2021 ń mu lójú pópó, wọ́n sì fi wé èyí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n kọ sórí ìwé. Àwọn tó ń lo pẹtiróòlù àti dísù fi nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 kọjá ohun tí wọ́n kọ. Àwọn hybrid (ọkọ̀ tó ń lo epo àti iná bàtírì pa pọ̀) tí wọ́n ń fi wáyà gba iná tiẹ̀ ń mu tó ìlọ́po mẹ́ta àtààbọ̀ ohun tí wọ́n kọ. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń dé ọjà àlòkù báyìí, ẹni tó ń wá ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú tí kò ní fi owó epo tán an lápò sì ń béèrè pé ta lòun máa gbà gbọ́. Àwọn ìbéèrè tó ń jẹyọ jù rèé.

Ṣé irọ́ ni àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ń pa ni?

Lọ́pọ̀ ìgbà, rárá. Ní Yúróòpù, inú yàrá ni wọ́n ti ń dán ọkọ̀ wò. Táyà á máa yí lórí irin, ọkọ̀ ò ní kúrò lójú kan, AC á wà ní pípa, kò ní sí òkè, kò ní sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kò ní sí ọmọ mẹ́ta àti ẹrù wọn lẹ́yìn. Bákan náà ni wọ́n ṣe ń ṣe é fún gbogbo ọkọ̀, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà yẹn fi dáa fún fífi ọkọ̀ kan wé èkejì. Kò dáa fún fífi ṣètò owó oṣù yín.

Àmọ́ o, àwọn ìgbà kan wà tí nọ́ńbà náà kò tọ̀nà rárá. Lọ́dún 2012, Hyundai àti Kia dín èyí tí wọ́n ti kọ fún ọkọ̀ bíi 900,000 kù ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì ń dá owó epo padà fún àwọn tó rà á. Wọ́n ní àṣìṣe ló wà nínú bí àwọn ṣe dán an wò. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2016, Mitsubishi jẹ́wọ́ ní Japan pé àwọn òṣìṣẹ́ òun fọwọ́ yí nọ́ńbà fún ọkọ̀ kékeré 625,000. Ìyẹn ti kúrò ní àṣìṣe.

Ṣé kí n sá fún hybrid tó ń gba iná nígbà náà?

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ni ín ni kì í fi wáyà sí i, ẹ́ńjìnnì á wá máa gbé bàtírì ńlá tí kò ní iná káàkiri. Bí ẹ ò bá ní ibi tí ẹ ó ti máa fi wáyà sí i lálaalẹ́, ẹ fi í sílẹ̀.

Àwọn kan ń sọ máìlì lórí gálọ̀nù, àwọn kan lítà lórí 100 kìlómítà. Èwo ni ká tẹ̀ lé?

Lítà. Máìlì lórí gálọ̀nù máa ń tan ojú jẹ, ó sì ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn náwó síbi tí kò yẹ.

Ẹ jẹ́ ká gbà pé 10,000 máìlì lẹ̀ ń rìn lọ́dún. Ẹnì kan kúrò nínú ọkọ̀ tó ń rin máìlì 15 lórí gálọ̀nù kan, ó bọ́ sínú èyí tó ń rin 20. Gálọ̀nù 667 ló ń rà tẹ́lẹ̀, ó di 500. Èrè rẹ̀ jẹ́ gálọ̀nù 167. Ẹnì kejì kúrò nínú èyí tó ń rin 40, ó bọ́ sínú èyí tó ń rin 55. Ti òun kúrò ní 250, ó di 182: èrè gálọ̀nù 68 péré. Ẹni tó fi 5 gòkè ló jèrè ju ẹni tó fi 15 gòkè lọ. Ohun tó fà á ni pé bí ọkọ̀ bá ti ń mọ epo í lò tẹ́lẹ̀, epo tó ṣẹ́ kù láti dín kù kò pọ̀ mọ́. Ẹni tó bá ń san owó gegere lórí ọkọ̀ tó dáa tẹ́lẹ̀ kí ó lè dáa díẹ̀ sí i, ẹ bá mi bi í pé ìgbà wo lowó yẹn máa padà wọlé.

Ẹ tún fura sí gálọ̀nù fúnra rẹ̀. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ lítà 3.79, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 4.55. Máìlì 40 lórí ti Amẹ́ríkà jẹ́ lítà 5.9 lórí 100 kìlómítà. Lórí ti Gẹ̀ẹ́sì, ó di 7.1. Ẹni tó ń tajà kì í sábà là á yé èèyàn pé èwo lòun ń sọ.

Ẹ́ńjìnnì kékeré ló ń mu epo díẹ̀, àbí?

Bí ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ bá fúyẹ́, bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ ẹ̀ ṣe kúkú dárúkọ ọkọ̀?

Toyota Yaris, Toyota Corolla, Honda Fit (ohun kan náà ni Jazz), Suzuki Swift, Hyundai i10, Kia Picanto. Mo ti dárúkọ, ó kù kí n bà á jẹ́: Yaris tí wọn ò tọ́jú lè mu epo ju Corolla tí wọ́n tọ́jú lọ. Bí ọkọ̀ bá ti dàgbà, bó ṣe wà lónìí ṣe pàtàkì ju orúkọ tó ń jẹ́ lọ.

Ẹ wo thermostat, ohun tó ń darí ìgbóná omi ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá há sí ṣíṣí, ẹ́ńjìnnì ò ní gbóná tó. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á máa rò pé òwúrọ̀ ṣì ni, á sì máa da epo kún un títí tẹ́ ẹ fi dé ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ. Abẹ́rẹ́ ìgbóná tó dúró sísàlẹ̀ lẹ́yìn ìrìn ogún ìṣẹ́jú ló máa ń tú u fó. Bíréèkì tí kì í tú sílẹ̀ dáadáa náà ń jẹ epo. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti wa ọkọ̀ náà, ẹ na ọwọ́ sún mọ́ ríìmù kọ̀ọ̀kan, ẹ má fọwọ́ kàn án. Bí ooru ọ̀kan bá ju ti àwọn yòókù lọ fíìfíì, ẹ ti rí ibi tí epo ń gbà lọ.

Hybrid lásán tí wọn kì í fi wáyà gba iná, bíi Toyota Prius, ńkọ́? Ẹ̀rù bàtírì ń bà mí.

Ó yẹ kó bà yín díẹ̀. Oṣù Kejìlá ọdún 1997 ni Prius jáde ní Japan, ọdún 2000 ló bọ́ sí àwọn orílẹ̀-èdè míì, nítorí náà kì í ṣe ohun àjèjì sí àwọn mẹkáníìkì mọ́. Ohun tó ń ṣe ni pé bí ẹ bá tẹ bíréèkì, agbára tí ọkọ̀ míì ń fi dáná sun bíréèkì lásán ni tirẹ̀ ń sọ di iná, tó ń kó sínú bàtírì. Ibi tí wọ́n bá ti ń dúró, tí wọ́n ń lọ, ló ti ń dùn ún jù. Bó bá jẹ́ ojú títì márosẹ̀ lẹ̀ ń gbà ṣáá, ìyàtọ̀ náà á kéré gan-an, nítorí ẹ ò ní tẹ bíréèkì tó bẹ́ẹ̀.

Nípa bàtírì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni ihò kan wà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé lọ tù ú lára. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀. Bí eruku àti irun ajá bá ti dí i, bàtírì yẹn ti ń jẹ ooru ọjọ́ ti pẹ́. Lẹ́yìn náà, kí mẹkáníìkì so scanner (ẹ̀rọ tó ń ka ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń sọ) mọ́ ọn, kó ka fóltéèjì apá kọ̀ọ̀kan bàtírì nígbà tí ọkọ̀ ń gun òkè. Ó yẹ kí gbogbo wọn sún mọ́ra. Bí ọ̀kan bá ń já wálẹ̀, ẹ yọ owó bàtírì tuntun kúrò nínú iye tẹ́ ẹ fẹ́ san, tàbí kẹ́ ẹ kí onítọ̀hún pé ó dàbọ̀.

Dísù?

Ó dáa fún ọ̀nà jíjìn. Àwọn tó jẹ́ tòde òní ní filter kan nínú sáílẹ́ńsà tó ń dí bó bá jẹ́ ìrìn kúkúrú lẹ̀ ń fi í rìn ní gbogbo ìgbà, owó àtúnṣe rẹ̀ sì lè gbé epo tẹ́ ẹ fi pamọ́ mì.

Ọkọ̀ náà ti pẹ́, síbẹ̀ kìlómítà rẹ̀ kéré. Ṣé orí ire nìyẹn?

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ti dá a padà. NHTSA, àjọ tó ń rí sí ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà, fojú bù ú pé ọkọ̀ tó lé ní 450,000 ni wọ́n ń tà níbẹ̀ lọ́dọọdún pẹ̀lú kìlómítà irọ́. Pé ó jẹ́ ti kọ̀ǹpútà kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ̀rọ kékeré kan ni wọ́n fi ń yí i.

Ẹ wo rọ́bà tó wà níbi tí ẹsẹ̀ ń tẹ bíréèkì. Bí ilà ara rẹ̀ bá ti parẹ́ tó ń dán, tí dáṣíbọ́ọ̀dù sì ń wí pé 40,000 kìlómítà, ọ̀kan nínú wọn ń purọ́, kì í sì í ṣe rọ́bà. Rọ́bà tuntun nínú ọkọ̀ àtijọ́ náà yẹ ní bíbéèrè. Ẹ wo etí ìjókòó awakọ̀, níbi tí ìdí ń rá kọjá nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀. Kẹ́ ẹ sì béèrè ìwé ibi tí wọ́n ti ń ṣe sáfíìsì rẹ̀, nítorí wọ́n máa ń kọ kìlómítà ọjọ́ yẹn síbẹ̀.

Kí ni kí n ṣe lọ́jọ́ tí mo bá lọ wò ó?

Ẹ sọ fún un pé kó má tan ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó dé. Bí bọ́nẹ́ẹ̀tì bá ti lọ́wọ́ọ́wọ́, ó ṣeé ṣe kí nǹkan kan wà tí kò fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ má tíì tan án: iná ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, kó sì kú lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá tan án. Bí kò bá tàn rárá, ẹnì kan ti pa á lẹ́nu mọ́. Èéfín búlúù ń sọ pé ọkọ̀ ń jó epo ẹ́ńjìnnì. Dúdú, pé pẹtiróòlù tó ń wọlé ti pọ̀ jù. Funfun tí kò tán lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì gbóná, pé omi ń wọ ibi tí kò yẹ.

Scanner tún wúlò níbí. Ibi tí wọ́n ń so ó mọ́ wà nínú gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti ọdún 1996. Bí ó bá sọ pé kò sí àléébù kankan, àmọ́ tí ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò tí ọkọ̀ máa ń ṣe fúnra rẹ̀ kò tíì parí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nu àléébù rẹ̀ kúrò ni, tàbí kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ bàtírì. Ẹ wà á fún ọjọ́ mélòó kan kó lè jẹ́wọ́. Bí wọn ò bá gbà, ìyẹn náà jẹ́ ìdáhùn.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bí omi ti gbé e rí?

Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde dé òpin. Wọ́n máa ń fọ kápẹ́ẹ̀tì, wọn kì í sábà rántí ẹrẹ̀ tó wà nídìí bẹ́líìtì.

Àwọn nǹkan tí wọ́n ń tà pé ó ń dín epo kù ńkọ́?

EPA, àjọ tó ń rí sí ààbò àyíká ní Amẹ́ríkà, ti dán irú rẹ̀ tó lé ní 100 wò, kò rí èyí tó ṣe nǹkan gidi. Owó yín ni wọ́n ń dín kù.

Mo ti ní ọkọ̀ kan tó ń mu epo. Ṣé kí n tà á?

Ẹ kọ́kọ́ mọ iye tó ń mu. Ẹ rọ epo kún títí tó máa já fúnra rẹ̀, ẹ kọ kìlómítà sílẹ̀, ẹ wà á títí epo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ẹ tún rọ ọ́ kún. Ẹ fi 100 sọ lítà tó wọlé di púpọ̀, kẹ́ ẹ fi kìlómítà tẹ́ ẹ rìn pín in. Bí lítà 38 bá wọlé lẹ́yìn 520 kìlómítà, lítà 7.3 lórí 100 kìlómítà ni.

Ẹni tó ń rin 15,000 kìlómítà lọ́dún, tó kúrò ní lítà 12 bọ́ sí 7, ń fi lítà 750 pamọ́. Ẹni tó ń rin 5,000 ń fi 250 pamọ́. Ẹ fi owó epo ládùúgbò yín sọ ọ́ di púpọ̀, kẹ́ ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tẹ́ ẹ máa fi kún un ra òmíràn. Fún ẹni tí kì í rìn jìnnà, títún èyí tó wà nílẹ̀ ṣe ló máa ń dára jù.

Bí ẹ bá pinnu láti rà, ẹ ya owó sọ́tọ̀ fún epo ẹ́ńjìnnì, àwọn filter, àti timing belt (bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì tó ń mú kí àwọn apá rẹ̀ máa yí lásìkò kan náà) bí ọkọ̀ náà bá ń lo ìyẹn, nítorí ẹni tó tà á fún yín kò ní mọ ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ gbẹ̀yìn. Bí bẹ́líìtì yẹn bá já, ó lè ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ pátápátá. Bí owó náà kò bá sí lọ́wọ́ yín mọ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá san ti ọkọ̀, ẹ wá ọkọ̀ tó dín owó ju ìyẹn lọ.