Bí Linux ṣe ń ṣètò síkírínì méjì lórí tábìlì kan

Tí Ojúde Ọba bá ti ń sún mọ́lé, àwọn tó ń ṣe fọ́tò àti pósítà fáwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ n'Íjẹ̀bú-Òde, síkírínì kan kì í tó wọn mọ́, fọ́tò á wà lápá kan, iṣẹ́ tí wọ́n ń tò á wà lápá kejì. Láptọ́ọ̀pù tó ń lo Linux, ìyẹn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, lè ṣe é dáadáa, kéèyàn ṣáà ti mọ bó ṣe ń rí nǹkan.

Gbàrà tí wáyà bá ti wọlé, mọ́nítọ̀ á sọ irú ẹni tóun jẹ́ fún kọ̀ǹpútà. EDID ni wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ yìí, báìtì 128 ni ìpìlẹ̀ ẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́nítọ̀ wà ńbẹ̀, ìwọ̀n àwòrán tó lè gbé náà wà ńbẹ̀. Kernel, ìyẹn ọkàn Linux fúnra ẹ̀, ló ń kà á, á sì fún ojú wáyà kọ̀ọ̀kan lórúkọ, eDP-1 ni síkírínì láptọ́ọ̀pù fúnra ẹ̀, ti ìta lè jẹ́ HDMI-1. Ohun tó ń jẹ́ kí mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀ tó dáa ṣàdédé wálẹ̀ sí píksẹ́lì (àmì kéékèèké tó ń di àwòrán) 1024 × 768 nìyí, wáyà VGA tí pín-ìn kan ti já tàbí adapter pọ́ọ́kú tí ò gbé EDID kọjá, kọ̀ǹpútà ò rí nǹkan kà, ló bá fojú díwọ̀n. Wáyà ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀ kí wọ́n tó máa bú Linux.

Ibi tọ́rọ̀ pọ̀ sí ni ibi tí kálukú á wà. X11, ètò tó ń gbé àwòrán sójú síkírínì lórí Linux, tó ti wà láti 1987, kì í rí síkírínì méjì, pátákó ńlá kan ló ń rí, bí ẹní kan tí wọ́n tẹ́ fún èèyàn méjì. Ká ní láptọ́ọ̀pù jẹ́ 1366 × 768, mọ́nítọ̀ 1920 × 1080 wà lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ̀, gbogbo pátákó á di 3286 × 1080, mọ́nítọ̀ á bẹ̀rẹ̀ láti 1366,0, ìyẹn 1366 láti òsì, 0 láti òkè. Láptọ́ọ̀pù ò ga tó èkejì, ó ku 312 lábẹ́ ẹ̀ tí ò sí síkírínì kankan níbẹ̀, torí ẹ̀ ni máòsì tó bá wà nísàlẹ̀ mọ́nítọ̀ tó fẹ́ padà sórí láptọ́ọ̀pù ṣe máa ń dúró gbagidi létí, tí ò ní kọjá. Máòsì ò bàjẹ́ o. Nínú Settings, níbi Display, àpótí méjì wà tó ṣeé fà, kí wọ́n fà á títí ìsàlẹ̀ méjèèjì á fi dọ́gba, òkè ni ìdíwọ́ á wá wà, ìyẹn sì sàn torí ìsàlẹ̀ lọwọ́ ń lọ jù. Lórí X11, kọ́mándì xrandr --output HDMI-1 --right-of eDP-1 --auto náà á tò ó.

Pátákó kan yìí náà ló ń fa wàhálà tí mọ́nítọ̀ kan bá jẹ́ 4K, ìyẹn èyí tí píksẹ́lì ẹ̀ pọ̀ gan-an, lẹ́tà tó ṣeé kà níbẹ̀ á di gàdàgbà lórí láptọ́ọ̀pù. Wayland, ètò tuntun tó ń rọ́pò X11, tí Kristian Høgsberg bẹ̀rẹ̀ ní 2008, ya kálukú sọ́tọ̀, á fi títóbi lẹ́tà sí 200% fún èyí, 100% fún ìyẹn. Ẹni tí mọ́nítọ̀ ẹ̀ ò bá dọ́gba, Wayland ni kó yàn, kó má jà á níyàn rárá.

Linux tún máa ń rántí. Lórí GNOME, ọ̀kan nínú àwọn ojú iṣẹ́ tí èèyàn ń rí lórí Linux, inú fáìlì monitors.xml ló ń kọ ètò yẹn sí, tí wọ́n bá gbé láptọ́ọ̀pù kúrò ní ṣọ́ọ̀bù lọ sílé ní Ṣágámù, tí wọ́n fi sára mọ́nítọ̀ mìíràn, kálukú á bá ètò tiẹ̀ nílẹ̀.

Tí NEPA bá wá mú iná ńkọ́? Láptọ́ọ̀pù ní bátìrì, mọ́nítọ̀ ò ní. Àwọn mọ́nítọ̀ kan á já lójú Linux lójú ẹsẹ̀, gbogbo wíńdò á sì kó wá sórí láptọ́ọ̀pù. Àwọn kan ò ní já, pàápàá lórí HDMI àti VGA, torí ibi tí EDID wà lè máa gba 5V látinú wáyà láti ọ̀dọ̀ láptọ́ọ̀pù, Linux á ṣì gbà pé mọ́nítọ̀ ń bẹ láyè, iṣẹ́ á sì jókòó sórí síkírínì tó ti kú. Iṣẹ́ ọ̀hún ò sọnù. Lórí GNOME àti KDE, ojú iṣẹ́ mìíràn bíi GNOME, kí wọ́n fi Alt+Tab mú wíńdò yẹn, kí wọ́n wá tẹ Super, Shift àti ọfà òsì pọ̀, Super lèyí tó ní àmì Windows lórí kíbọ́ọ̀dù, á rìn wá sórí láptọ́ọ̀pù. Tọ́wọ́ ò bá ráyè ìyẹn, kí wọ́n yọ wáyà, ó ti tó.