Kí Ìwé Ìdánwò Tó Di Ìwé Àkàrà

Ní ìparí oṣù keje, nígbà tí a bá ti pín ìwé àbájáde sáà kẹta fún àwọn ọmọ tán, ẹ ó rí olùkọ́ tó ń jáde ní ẹnu géètì ilé-ìwé, tí ohùn rẹ̀ ti há, tí fóònù wà létí rẹ̀, tó ń bá òbí kan ná owó lẹ́sìn ọlidé. Kó tó dé ibùdókọ̀, ó ti ta ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nínú ìsinmi tí kò tíì bẹ̀rẹ̀. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọdún 24 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Yábàá àti Súrùlérè kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ àwọn olùkọ́ tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ sọ́nà, ìbéèrè tí wọ́n sì máa ń bi mí jù ní àsìkò yìí ni pé kí ni kí àwọn fi ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ṣe. Ìdáhùn mi kò gùn: ẹ fi ohùn àti ara sinmi ná, lẹ́yìn náà kí ẹ wá àṣìṣe kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ ọmọ ṣe nínú ìdánwò, kí ẹ sì tún ọ̀nà tí ẹ gbà kọ́ wọn níbẹ̀ ṣe. Àlàyé rẹ̀ ló gùn.

Mo fi ohùn ṣáájú nítorí pé òun ni irinṣẹ́ tí àwa olùkọ́ kì í kà mọ́ irinṣẹ́. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ 50 nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì, tí agbèrò ń ké “Ojúẹlẹ́gba! Ojúẹlẹ́gba!” níta, tí jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì sì ń dún, kò lè ṣe kó má pariwo. Bí a bá ń sọ̀rọ̀, tán-án-ná méjèèjì tó ń mú ohùn jáde lọ́nà ọ̀fun máa ń kan ara wọn ní ìgbà 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí a bá ń pariwo, ńṣe ni wọ́n ń gbá ara wọn, tí wọ́n á sì wú. Nítorí náà, kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀ tí ẹ kò ní bá ẹnikẹ́ni pariwo. Ẹ mu omi dáadáa, ẹ má sì gba iṣẹ́ alága ìdúró ní ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́, bó ti wù kí owó rẹ̀ dùn tó. Sísọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ kì í ṣe ìsinmi fún ohùn, nítorí òun náà lè ni tán-án-ná lára. Bí ohùn bá sì há ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá orógbó. Dókítà tó ń wo etí, imú àti ọ̀fun ni kí ẹ lọ rí.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn ti ń rẹ́rìn-ín: ta ni yóò bọ́ ilé ní oṣù kẹjọ? Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan tí mo bá ṣiṣẹ́ nígbà kan kì í sanwó oṣù náà fún wa. Ọdún kan ṣoṣo tí wọ́n san ìdajì, ńṣe ni a ń kí ara wa kú oríire. Mi ò lè sọ pé kí ẹni tí irú èyí bá kàn má ṣe lẹ́sìn. Ohun tí mo lè sọ ni pé kí ẹ bá òbí dá ọjọ́ tí yóò parí kí ẹ tó gba owó, kí ó jẹ́ òwúrọ̀ nìkan, kí ọjọ́ mẹ́wàá ó kéré tán sì ṣẹ́ kù fún yín kí ilé-ìwé tó wọlé. Fún ọdún tó ń bọ̀, ẹ wọ inú àjọ láti oṣù kìíní, kí ẹ sì bẹ olórí àjọ pé oṣù kẹjọ ni kí ó fi yín sí. Ẹni tó bá kó àjọ rẹ̀ ní oṣù kẹjọ kò ní máa fi ìtìjú gba ọmọ 15 sí pálọ̀ rẹ̀.

Iṣẹ́ gan-an wà nínú ìwé ìdánwò. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, bí a bá ti kọ máàkì tán, a ó fi okùn di ìwé náà, a ó jù ú sí kọ̀rọ̀ kan, kí oṣù kẹsàn-án sì tó dé, ẹnìkan á ti tà á fún oní-àkàrà. Mo ti ra àkàrà rí ní Ṣómólú tó jẹ́ pé ìwé ìṣirò ọmọ ni wọ́n fi wé e, tí bírò pupa olùkọ́ ṣì hàn lábẹ́ epo. Ẹ tọrọ ìwé ìdánwò gbogbo ọmọ kíláàsì yín nínú iṣẹ́ kan ṣoṣo lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà kí ẹ tó máa lọ sílé, kí ẹ sì tún un kà láìmú bírò pupa dání. Nígbà tí a ń máàkì, èyí tó tọ̀nà ni a ń wá; nísinsìnyí, èyí tó ṣì ni kí ẹ wá, kí ẹ sì béèrè bí ọmọ náà ṣe débẹ̀. Ẹ pín wọn sí òkìtì mẹ́ta: àwọn tí kò kọ nǹkan kan, àwọn tí àṣìṣe wọn kò jọ ti ẹnikẹ́ni, àti àwọn tí àṣìṣe wọn bára mu. Òkìtì kẹta yìí ni kí ẹ gbé sórí tábìlì. Bí ọmọ 20 bá ṣìnà sí ibì kan náà, àfi kí wọ́n ti wo ìwé ara wọn tàbí kí ó jẹ́ pé ọ̀nà tí a là fún wọn ló gbé wọn lọ síbẹ̀.

Ti èmi nìyí. A ní kí àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún ro 1/2 pọ̀ mọ́ 1/3, ọ̀pọ̀ wọn sì kọ 2/5: wọ́n ro òkè pọ̀ mọ́ òkè, wọ́n ro ìsàlẹ̀ pọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo kàn ń fa igi lé e ni, tí mo tún ń kọ́ wọn ní òfin kan náà ní ohùn tó le jù ti àná lọ. Ní ọlidé kan ni mo ra búrẹ́dì Agége tí a kò tíì gé, mo sì jókòó tì í. Bí ìdajì búrẹ́dì bá ti wà lọ́wọ́ mi, tí ẹnìkan tún fún mi ní ìdá-mẹ́ta òmíràn tó tóbi bíi tirẹ̀, báwo ni ohun tó wà lọ́wọ́ mi yóò ṣe wá kéré sí ìdajì? Bẹ́ẹ̀ 2/5 kò tó ìdajì. Ìbéèrè yìí ni mi ò bi wọ́n rí. Àwọn ọmọ náà kò rí búrẹ́dì kankan nínú 1/2. Nọ́ńbà méjì tó gun ara wọn lórí ni wọ́n rí.

Búrẹ́dì náà kò ràn mí lọ́wọ́ títí, nítorí ó rọ̀ jù, ó fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, àwọn ọmọ mi sì jẹ ẹ̀rí náà. Mo wá ge ìwé pélébé tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 12. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 6, ìdá-mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 4, àròpọ̀ wọn jẹ́ 10 nínú 12, ìyẹn 5/6. Ọmọ lè fi rúlà wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò tó gbọ́ pé a nílò nọ́ńbà tí 2 àti 3 lè pín láìṣẹ́kù. Ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́ta kí n tó rí ìwé pélébé yìí, mi ò sì lè rí ọjọ́ mẹ́ta bẹ́ẹ̀ láàárín sáà láé.

Ẹ kọ àlàyé tuntun náà sínú àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ sáà tó ń bọ̀ kíákíá, kí ẹ sì fi ìbéèrè kan tó jọ ọ́ sí ọ̀sẹ̀ kejì, ìkẹrin àti ìkẹjọ. Láti 1885 ni Hermann Ebbinghaus ará Jámánì ti fi ìdánwò lórí ara rẹ̀ hàn pé ohun tí a kọ́ máa ń tètè bọ́ lọ́kàn, àti pé pípadà sí i lẹ́yìn àlàfo díẹ̀díẹ̀ sàn ju kíkọ́ rẹ̀ ládàpọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹni tó ń kọ́ ìtàn lè fi ọjọ́ kan lọ sí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkan, tó ti wà láti 1957, tàbí Freedom Park tó wà níbi tí ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street wà tẹ́lẹ̀. Kí ó dá lọ láìkó ọmọ kankan dání, kí ó wo ibi ìgbọ̀nsẹ̀, kí ó béèrè owó ìwọlé, kí ó sì mọ ohun méjì péré tí òun yóò fi han àwọn ọmọ. Ẹni tí kò bá tíì ní ìwé-ẹ̀rí TRCN, àjọ tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀ láti máa forúkọ olùkọ́ sílẹ̀, ó yẹ kí ó lo àkókò yìí láti múra ìdánwò wọn. Àwọn ìdálẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ kan tí wọ́n ń pín ìwé-ẹ̀rí aláwọ̀ wúrà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bí ẹ kò bá lè sọ ohun tí ẹ fẹ́ lọ kọ́ níbẹ̀.

Nínú ọjọ́ mẹ́wàá tó ṣẹ́ kù yẹn, ẹ pe ọmọ kan ní àdúgbò tí iṣẹ́ náà máa ń ṣòro fún, ẹ jókòó tì í ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ẹ sì fi àlàyé tuntun yín hàn án. Bí ó bá béèrè ohun tí ẹ kò ronú kàn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ra bisikíìtì fún un, kí ẹ sì ní kó padà wá lọ́la.