Ọwọ́ kan náà ló ń kọlà tó ń dábẹ́, kí ló dé tí ilà lọ tí ìdábẹ́ ò lọ?

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni pé olóòlà tó ń kọlà sójú ọmọ náà ló ń dábẹ́ fọ́mọbìnrin?

Bẹ́ẹ̀ ni o. Iṣẹ́ ìdílé ni, bàbá á fi lé ọmọ lọ́wọ́, Ògún ni wọ́n ń bọ torí irin ni wọ́n fi ń jẹun, abẹ kan náà, omi ìgbín kan náà tí wọ́n á kán sójú egbò. Ohun tó jẹ́ kọ́rọ̀ yìí máa rú mi lójú nìyẹn. Ìyá ìyá mi ní pélé lẹ́rẹ̀kẹ́, nínú gbogbo ọmọ àtọmọọmọ ẹ̀ kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ní in, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ṣèpàdé lé e lórí. Àmọ́ ìdábẹ́ ṣì wà, ó kàn kúrò níta gbangba wọ yàrá lọ ni, àwọn míì tiẹ̀ ń gbọ́mọ lọ bá nọ́ọ̀sì pé kó bá wọn ṣe é jẹ́ẹ́jẹ́.

Kí ló wá pa ilà? Ṣé òfin ni?

Òfin kẹ̀? Òkú ti tutù kí òfin tó dé. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tíjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 ló ní kẹ́nikẹ́ni má fín ara ọmọ, kó má sì kọlà sí i lára, àmọ́ nígbà yẹn ilà tuntun ti di nǹkan téèyàn ń wò lẹ́ẹ̀mejì.

Iṣẹ́ tí ilà ń ṣe ló tán. Láyé ogun, látìgbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ti ń dàrú títí dórí Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, wọ́n ń kó èèyàn lẹ́rú káàkiri, tẹ́ ẹ bá ti rí àbàjà tàbí gọ̀mbọ́ lójú ẹnì kan ẹ ti mọ ọmọ ibi tó jẹ́ kó tó lanu. Ogun wá tán, ilé ìwé dé, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi onílà ṣe yẹ̀yẹ́ (àwa náà ṣe é, kí Ọlọ́run foríjì wá). Àmọ́ ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò dáadáa ni pé ojú ni ilà wà. Gbogbo àdúgbò ló ń rí i pé ọmọ lágbájá ò kọlà, ọmọ tàmẹ̀dò náà ò kọ ọ́, títí ó fi di pé bàbá tó bá tún kọ ọ́ ló máa wá ṣàlàyé ara ẹ̀.

Ìdábẹ́ wá ńkọ́?

Abẹ́ aṣọ ni tiẹ̀ wà, òun ló fi le. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé aládùúgbò òun ti jáwọ́, kálukú rò pé òun nìkan ni ara ń kọ̀ ọ́. Ìyàwó lè má fẹ́ ẹ rárá, àmọ́ ó rò pé ìyá ọkọ fẹ́ ẹ, ìyá ọkọ rò pé ẹbí ló fẹ́ ẹ, ẹbí ń wojú ìyá àgbà, ìyá àgbà ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, báyìí lọmọ ọwọ́ ṣe máa ṣẹ̀jẹ̀ torí nǹkan tó lè jẹ́ pé kò sẹ́nì kankan nílé yẹn tó fẹ́ ẹ gan-an.

Wọ́n tún ní tí wọn ò bá dábẹ́ fọ́mọbìnrin, á máa ṣe ìṣekúṣe, àti pé lọ́jọ́ tó bá ń bímọ, bórí ọmọ bá kan ibi tí wọn ò dá yẹn ọmọ á kú. Irọ́ ni méjèèjì, ìdábẹ́ gan-an ló máa ń sọ ìbímọ di wàhálà. Àmọ́ ta ló máa já irọ́ yẹn? Tí gbogbo obìnrin ìlú bá ti dábẹ́, ta lẹ fẹ́ fi wé ta? Tí èyí tí wọn ò dá bá ṣìwà hù, wọ́n á ní "ẹ ò rí i báyìí?", tí èyí tí wọ́n dá bá ṣe bẹ́ẹ̀ wọ́n á ní ayé ló bàjẹ́.

Ṣebí òfin wà?

Ó wà. Ti ìjọba àpapọ̀ ní 2015 sọ pé ẹni tó bá dábẹ́ fọ́mọbìnrin lè fẹ̀wọ̀n ọdún 4 jura, tàbí kó san N200,000, tàbí méjèèjì, Abuja nìkan ló sì ń mú, ìpínlẹ̀ kálukú ló máa ṣe tiẹ̀. Ó dáa, àmọ́ ta ló fẹ́ fa ìyá bàbá ẹ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá?

Wọ́n gbìyànjú irú òfin bẹ́ẹ̀ rí ní Ṣáínà. Wọ́n máa ń fi aṣọ di ẹsẹ̀ ọmọdébìnrin pinpin kó má bàa dàgbà, egungun á kán, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ fẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ ńlá. Ọba Kangxi fòfin dè é nínú àwọn ọdún 1660, kò ṣiṣẹ́, wọ́n sì fà á sẹ́yìn ní 1668.

Kí ló wá ṣiṣẹ́?

Pé kí wọ́n jọ jáwọ́ lọ́jọ́ kan náà. Lẹ́yìn 1895 àwọn òbí ní Ṣáínà ń wọ ẹgbẹ́ tí wọ́n ti ń ṣèlérí méjì: a ò ní di ẹsẹ̀ ọmọ wa obìnrin, a ò sì ní jẹ́ kí ọmọ wa ọkùnrin fẹ́ ẹni tí wọ́n dì. Ẹ ò rí i pé ìlérí kejì yẹn ló lágbára? Òun ló mú ẹ̀rù àìrọ́kọ fẹ́ kúrò. Ní Dingxian, agbègbè kan ní Ṣáínà, nínú 100 obìnrin tí wọ́n bí ṣáájú 1890, nǹkan bí 99 ni wọ́n di ẹsẹ̀ wọn. Àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn 1919, kò sí ẹyọ kan.

Ní Senegal náà, àwọn obìnrin abúlé Malicounda Bambara jáde ní gbangba ní 1997 pé àwọn ò dábẹ́ fọ́mọ mọ́. Imam kan ládùúgbò yẹn, Demba Diawara, ló wá sọ pé abúlé kan ò lè dá a ṣe, torí ibòmíì lẹ ti ń fẹ́yàwó. Ó fẹsẹ̀ rìn lọ bá àwọn ìbátan ẹ̀ lábúlé kan sí èkejì, kò pariwo lé ẹnikẹ́ni lórí, kò pè wọ́n ní ẹni ibi, ó jókòó tì wọ́n ni.

Ìyá ọkọ mi ń bọ̀ wá wẹ ọmọ, obìnrin ni mo bí. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ kú ewu ọmọ o. Ẹ má dá a sọ. Kí ọkọ yín kọ́kọ́ sọ ọ́ kí màmá tó gbéra, kó pe àwọn àbúrò ẹ̀ obìnrin tí wọ́n ti bímọ, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n ṣe é fún tiwọn. Ó ṣeé ṣe kí àwọn náà ti jáwọ́ ńbẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ láti bí ọdún mẹ́ta. Tí màmá bá dé, kí nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí yín fi ẹnu ara ẹ̀ sọ fún wọn pé tórí ọmọ bá kan abẹ́ tí wọn ò dá, kò lè ṣe é ní nǹkan kan, kí wọ́n lè rí nǹkan dá ẹbí lóhùn tí wọ́n bá padà sílé.