Ikú Rẹ̀, Ẹkún Ẹlòmíràn: Àlàyé Lórí Ẹ̀sùn “Obìnrin Inú Fíríìjì” Nínú Eré Supernatural

Láàárín àwọn olólùfẹ́ eré Supernatural ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹ̀sùn kan wà tí kì í pẹ́ yọjú nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ń jiyàn lórí ikú ẹ̀dá ìtàn kan: wọn a ní àwọn òǹkọ̀wé ti gbé obìnrin náà sínú fíríìjì. Ẹni tó bá ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́ lè rò pé ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn tó wúwo ni. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé òǹkọ̀wé pa obìnrin kan nínú ìtàn, tàbí ó ṣe é léṣe, tàbí ó gba agbára ọwọ́ rẹ̀, kì í ṣe nítorí pé ìtàn obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló gbé e dé ẹnu ikú, bí kò ṣe kí ọkùnrin tó jẹ́ olú ẹ̀dá ìtàn lè rí ohun tí yóò sunkún lé lórí, kí inú bí i, kí ó sì gbéra láti lọ gbẹ̀san.

Inú ìwé ìtàn alàwòrán ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá. Lọ́dún 1994, nínú ẹ̀dà 54 ìwé Green Lantern tí Ron Marz kọ, ọ̀dọ́mọkùnrin akọni kan tí ń jẹ́ Kyle Rayner wọlé, ó sì bá òkú Alexandra DeWitt, ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀, nínú fíríìjì, níbi tí ọ̀tá kan tí ń jẹ́ Major Force tì í sí. Lọ́dún 1999, Gail Simone, tó ń ṣe iṣẹ́ irun nígbà náà, tó sì fẹ́ràn irú ìwé bẹ́ẹ̀, kó orúkọ àwọn obìnrin inú ìtàn akọni tí wọ́n ti pa, tí wọ́n ti sọ di arọ tàbí tí wọ́n ti gba agbára lọ́wọ́ wọn jọ, ó sì gbé àkójọ náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì lábẹ́ àkọlé tó fà yọ láti inú ikú Alexandra. Àwọn kan dá a lóhùn pé àwọn akọni ọkùnrin náà a máa kú. Òótọ́ ni wọ́n sọ, àmọ́ kò pẹ́ tí ẹlòmíràn fi ṣàkíyèsí pé àwọn ọkùnrin wọ̀nyí kì í pẹ́ jí dìde, tí agbára wọn a sì padà sípò, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin náà ń wà níbi tí wọ́n tì wọ́n sí. Simone padà di òǹkọ̀wé nínú iṣẹ́ yìí kan náà, òun ló sì kọ ìtàn Wonder Woman fún ọdún mélòó kan.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo Supernatural. Ọdẹ ni Sam àti Dean Winchester, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí wọ́n ń fi mọ́tò rìn káàkiri Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń lépa iwin, ẹ̀mí àìmọ́ àti oríṣiríṣi abàmì ẹ̀dá. Eric Kripke ló dá eré náà sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní ọjọ́ 13 oṣù kẹsàn-án ọdún 2005, ó sì parí ní ọjọ́ 19 oṣù kọkànlá ọdún 2020, lẹ́yìn sáà 15 àti apá 327. Orí òkú obìnrin méjì ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Ní òru ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá ọdún 1983, ní ìlú Lawrence ní Kansas, ẹ̀mí àìmọ́ kan lẹ Mary, ìyá wọn, mọ́ àjà lókè ibi tí Sam ọmọ ọwọ́ sùn sí, iná sì jó o pa. John, ọkọ rẹ̀, di ọdẹ nítorí rẹ̀, ó sì kọ́ àwọn ọmọ méjèèjì ní iṣẹ́ ọdẹ. Lẹ́yìn ọdún 22, ní ọjọ́ kan náà, Jessica, ọ̀rẹ́bìnrin Sam ní yunifásítì Stanford, kú lọ́nà kan náà gẹ́lẹ́, lórí àjà, nínú iná. Sam, tó yẹ kí wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò kí ó lè wọ ilé ẹ̀kọ́ òfin, pa gbogbo rẹ̀ tì, ó gbé ìbọn, ó sì tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Inú apá àkọ́kọ́ ni gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀.

Kí ni òǹwòran mọ̀ nípa Jess kí ó tó kú? Ó rẹwà, ó fẹ́ràn Sam, ó dá a lójú pé Sam yóò yege, ó sì ṣe bisikíìtì sílẹ̀ dè é. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń wá láyé, eré náà kò yà sí i. Nígbà tí Azazel, ẹ̀mí àìmọ́ olójú ìyeyè náà, wá ṣàlàyé fún Sam ní ìparí sáà kejì ìdí tí Jess fi kú, ohun tó sọ ni pé Sam ti ń múra láti gbé e níyàwó kí ó sì di lọ́yà, èyí tí kò bá ètò tí òun ti ṣe sílẹ̀ fún un mu. Ìdí tí apààyàn fi pa á àti ìdí tí òǹkọ̀wé fi pa á wá di ọ̀kan náà: kí Sam lè kúrò níbi tó wà. Kò sí ibòmíràn nínú eré náà tí ẹ̀sùn fíríìjì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó èyí, n kò sì rí ìgbèjà tó lè dúró níwájú rẹ̀.

Ìgbèjà tó wọ́pọ̀ jù ni pé eré ẹlẹ́rù ni eré yìí, àti pé gbogbo ènìyàn ló ń kú níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni. John kú, Bobby Singer tó dà bí bàbá fún wọn kú, Kevin Tran tí kò tíì kúrò lọ́mọdé tán kú, Sam àti Dean fúnra wọn kú, wọ́n sì jí, tó bẹ́ẹ̀ tí apá kan wà ní sáà kẹta tí Dean ń kú léraléra nínú ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ṣoṣo tí kò yéé padà bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn yìí kì í ka òkú. Ohun tó ń béèrè ni iṣẹ́ tí wọ́n fi òkú náà ṣe: ṣé ẹni tó kú ní ìfẹ́ ọkàn tirẹ̀ kí ó tó kú, ṣé ìpinnu rẹ̀ wà nínú ikú náà, ṣé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ojú òǹwòran wà nígbà tí ẹ̀mí ń bọ́, àbí ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dá wa dúró sí kí á lè rí ojú ọkùnrin tó ń wọlé bọ̀ wá bá òkú?

Ikú Bobby àti ti Charlie Bradbury, tí a bá gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, fi èyí hàn ju àlàyé kankan lọ. Ní oṣù kejìlá ọdún 2011, lẹ́yìn tí ìbọn ti bá Bobby lórí, wọ́n fi odidi apá kan jì í. Inú ọkàn rẹ̀ ni a wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: a rí bàbá rẹ̀ òǹrorò, a rí ìyàwó rẹ̀ tó ti kú, a rí i bó ṣe ń sá fún ẹni tó wá mú un lọ, tó sì ń wá ọ̀nà láti jí kí ó lè fi ohun tó mọ̀ lé àwọn ọmọ náà lọ́wọ́. Ó jí fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó kọ nọ́ńbà kan sílẹ̀ fún wọn, ó sì kú. Kò sí ẹni tó lè sọ pé wọn kò jẹ́ kó kú ikú tirẹ̀.

Charlie, tí Felicia Day ṣe, wọ inú eré náà ní ọdún 2012. Ọ̀mọ̀ràn kọ̀ǹpútà ni, aláwàdà ni, obìnrin bíi tirẹ̀ ló ń fẹ́, kò sì fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2015, ọ̀kan nínú ìdílé Styne, àwọn ọ̀tá tó ń lépa ìwé idán kan, ká a mọ́ inú ilé ìwẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì kan. A kò rí ìjà náà. Ohun tí wọ́n fi hàn wá ni Sam àti Dean tí wọ́n já wọlé, àti òkú nínú ọpọ́n ìwẹ̀. Nínú apá tó tẹ̀lé e, Dean sọ fún Sam níbi iná tí wọ́n fi sun òkú náà pé Sam ni ì bá wà níbẹ̀ dípò Charlie, ó sì lọ pa àwọn Styne, títí kan ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bẹ̀ ẹ́. Àwọn tó ń gbèjà ikú yìí rán wa létí pé Charlie ti tú àdììtú ìwé náà, ó ti fi í ránṣẹ́ sí Sam, ó sì kọ̀ láti fa ohunkóhun lé apààyàn lọ́wọ́. Ìgbèjà tó lágbára ni, mi ò fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Síbẹ̀, ìgboyà rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ wa lójú, ìbínú Dean ni wọ́n sì fún ní àyè tó fẹ̀. Nígbà tí òǹwòran kan béèrè ìdí ikú yìí lọ́wọ́ Jeremy Carver, tó ń darí ìkọ̀wé eré náà nígbà náà, ní ìpàdé àwọn olólùfẹ́ ní San Diego lọ́dún yẹn, èsì rẹ̀ ni pé ibi tí ìtàn bá darí àwọn sí ni àwọn gbọ́dọ̀ gbà. Èsì náà kò sọ pé ìtàn ta ni.

Ní ti Ellen Harvelle àti Jo ọmọ rẹ̀, ọdẹ bíi tiwọn, tí wọ́n kú ní oṣù kọkànlá ọdún 2009, ibẹ̀ ni mo ti yà kúrò lẹ́yìn àwọn tó ń fi ẹ̀sùn kàn. Jo fara gbọgbẹ́ nígbà tó ń gba Dean lọ́wọ́ ajá ọ̀run àpáàdì, òun ló sì dá a lábàá pé kí wọ́n ṣe bọ́ǹbù kí òun sì dúró tì í. Ellen, tó lè jáde, jókòó ti ọmọ rẹ̀. Àwọn ọmọ Winchester ti lọ nígbà tí ìyá yìí tẹ bọ́ǹbù náà, àwa ni a dúró tì í. Ikú náà dùn mí, ṣùgbọ́n ikú wọn ni.

Mary ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́jú pọ̀ jù. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi jẹ́ àwòrán lásán, obìnrin tó wọ aṣọ àwọ̀sùn funfun lórí àjà. Lọ́dún 2008, sáà kẹrin gbé Dean padà sí ọdún 1973, ó sì bá a níbẹ̀ pé ìdílé ọdẹ ni ìyá rẹ̀ ti wá, pé ọwọ́ rẹ̀ yá ju ti John lọ, àti pé òun fúnra rẹ̀ ló bá Azazel ṣe àdéhùn kí ọkùnrin tó fẹ́ràn lè padà wà láàyè. Ikú tí a ti kà sí ohun èlò fún ìbínú John wá di àbájáde ìpinnu obìnrin náà. Ó ṣeé ṣe, nígbà náà, láti padà lọ ṣí fíríìjì náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́. Ní ìparí sáà kọkànlá, lọ́dún 2016, ó jí dìde pátápátá, wàhálà mìíràn sì bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn òǹwòran. Mary yìí kì í se oúnjẹ, ó fẹ́ dá wà, ó ń lọ ṣọdẹ pẹ̀lú ẹgbẹ́ ọdẹ kan láti ilẹ̀ Bìrìtìkó tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò fọkàn tán. Àwọn kan bínú pé kò ṣe bí ìyá. Lójú tèmi, ìyá tí irú àwọn bẹ́ẹ̀ ń wá ni èyí tó wà lórí àjà, tí kò lè sọ̀rọ̀. Lọ́dún 2019, Jack, ọmọ tí wọ́n jọ ń tọ́, fi agbára rẹ̀ pa á. Lẹ́ẹ̀kan sí i, a kò rí i nígbà tó kú, ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ láàárín Jack àti àwọn ọmọ Winchester ni a rí.

Ẹ̀sùn mìíràn wà tí àwọn èèyàn máa ń dà pọ̀ mọ́ èyí. Ìyẹn ni ẹ̀sùn pé nínú eré tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀dá ìtàn tó bá ń fẹ́ ẹni tí wọ́n jọ jẹ́ akọ tàbí tí wọ́n jọ jẹ́ abo kì í pẹ́ kú, pàápàá tí ìfẹ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn mọ́ ọn. Nígbà tí áńgẹ́lì Castiel sọ fún Dean ní ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá ọdún 2020 pé òun fẹ́ràn rẹ̀, tí òkùnkùn sì gbé e mì lójú ẹsẹ̀, ẹ̀sùn kejì yìí ni àríyànjiyàn náà jẹ́, kì í ṣe ti fíríìjì, nítorí Castiel ló yàn án, ọ̀rọ̀ ọkàn rẹ̀ ni a sì gbọ́. Ti Charlie ni méjèèjì ti pàdé. Wọ́n pàdé pẹ̀lú nínú eré Buffy the Vampire Slayer lọ́dún 2002, nígbà tí ìbọn ṣèèṣì ba Tara tí Willow, olólùfẹ́ rẹ̀, sì di àjẹ́ agbẹ̀san. Obìnrin ni agbẹ̀san níbẹ̀, èyí tó jẹ́ kí ó hàn pé kì í ṣe akọ tàbí abo ẹni tó ń sunkún ni gbòǹgbò ẹ̀sùn fíríìjì, bí kò ṣe pé ẹni tó kú di ohun èlò.

Àwọn òǹkọ̀wé Supernatural kò ṣàìmọ èyí. Ní ìparí sáà kẹrìnlá, ọ̀tá ìkẹyìn hàn sí gbangba: Chuck, òǹkọ̀wé ọ̀mùtí tí a ti mọ̀ láti sáà kẹrin, tó sì jẹ́ Ọlọ́run inú eré náà, ló ń kọ ìyà jẹ àwọn ọmọ Winchester nítorí pé ó dùn ún wò. Àwọn kan gbà pé ìjẹ́wọ́ lèyí, pé eré náà ti fi ara rẹ̀ sùn. Mo gbà pé ọgbọ́n wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìrora àwọn arákùnrin méjì náà ni Chuck ń jẹ́jọ́ lé lórí, kò sí ibi tí Jess ti wá jẹ́rìí.

Nínú apá tó kẹ́yìn, Sam dàgbà, ó darúgbó, ó bí ọmọ kan tó sọ ní Dean. A rí obìnrin kan lẹ́yìn rẹ̀ lókèèrè, àwòrán rẹ̀ kò mọ́, kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀, títí di òní sì ni àwọn olólùfẹ́ eré náà ń jiyàn bóyá Eileen Leahy ni, ọdẹ adití tí wọ́n pa lọ́dún 2017 tí wọ́n sì jí dìde ní sáà ìkẹyìn. Wọ́n ti ń gbìyànjú láti na ẹ̀sùn fíríìjì débẹ̀, ṣùgbọ́n kò bá a mu, nítorí kò sẹ́ni tó pa obìnrin yìí, kò sì sẹ́ni tó sunkún nítorí rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ráhùn lé lórí níbẹ̀ ni pé Sam ní ìyàwó, àwọn òǹkọ̀wé kò sì rí ìdí kankan láti sọ fún wa ẹni tí í ṣe.