Odò Náílì Kò Gun Òkè

Bí wọ́n bá ti dárúkọ Káírò, olú-ìlú Íjíbítì, ẹnìkan á ti sọ pé odò Náílì tó gba ibẹ̀ kọjá nìkan ni odò tó ń gun òkè láyé. Àwọn mìíràn á tún ní iṣẹ́ ìyanu ni.

Pé omi kì í dá gun òkè, mi ò ní fi ìyẹn ṣòfò àkókò. Àríwá ni Náílì ń ṣàn lọ, òótọ́ ni. Àmọ́ ta ló sọ fún wa pé àríwá ni òkè? Máàpù ara ògiri ni. Ẹni tó yà á ló yàn láti gbé àríwá sókè. Al-Idrisi, ayàwòrán máàpù ayé àtijọ́ kan, ya tirẹ̀ fún ọba Sísílì ní 1154, gúúsù ló gbé sókè. Lórí máàpù yẹn, ìsàlẹ̀ ni Náílì ń ṣàn lọ. Ṣé odò náà ló wá yí padà ni, àbí ìwé la dojú rẹ̀ kọlẹ̀?

Ẹni tó ń wá òkè, kó béèrè bí ilẹ̀ ṣe ga ju òkun lọ tó. Adágún Victoria, níbi tí Náílì Funfun, ọ̀kan nínú ẹ̀ka ńlá odò náà, ti ń jáde, ga tó nǹkan bíi mítà 1,134. Ní Khartoum, olú-ìlú Sudan, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi 380. Ní Káírò, kò tó 30 mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, òkun ló kù. Kí wọ́n fi òkè tó gùn hàn mí.

Àwọn atukọ̀ ibẹ̀ kò ṣì í rí. Atẹ́gùn sábà máa ń fẹ́ láti àríwá, nítorí náà ẹni tó ń lọ sí gúúsù á ta ìgbòkun. Ẹni tó ń bọ̀ á ká a, omi á sì máa gbé e bọ̀.

Ti “nìkan” yẹn ńkọ́? Rhine ní Yúróòpù, Lena àti Yenisei ní Rọ́ṣíà, àríwá ni wọ́n ń lọ. Odò Ọya gan-an, ìhà àríwá ìlà-oòrùn ló kọjú sí nígbà tó bá ń kọjá ní Bamako, olú-ìlú Mali, kó tó ṣẹ́rí padà wá sọ́dọ̀ wa.

Mi ò ní búra pé máàpù nìkan ló fa àṣìṣe yìí o. Ó lè jẹ́ pé ilẹ̀ láti Aswan ní gúúsù Íjíbítì dé Káírò ló tẹ́jú débi pé ojú lásán kò rí ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí alágbàtà bá ń fi ìka tọ́ka lórí máàpù pé “òkè odò la wà, omi ò lè dé ibí”, ẹ kọ́kọ́ lọ wo ibi tí ọ̀gbàrá ń gbà lẹ́yìn òjò kí ẹ tó sanwó ilẹ̀.