Ṣé Òrìṣà Ni Ọba Tí Yorùbá Ń Dọ̀bálẹ̀ Fún?

Níbi ìgbéyàwó kan ní Kubwa, ní Àbújá níbí, ọba kan láti ilé wọlé, gbogbo àwa ọmọ Yorùbá bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Aládùúgbò mi, ọmọ Kàtísínà tó bá mi lọ, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Alhaji, ṣé ẹ ń sin ọba yín ni? Ọlọ́run nìkan là ń forí balẹ̀ fún." Ó dùn mí, torí Mùsùlùmí lèmi náà. Èyí tó dùn mí jù ni pé àwọn ọmọ wa tí a bí sí Àbújá ti ń sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbọ́ "aláṣẹ èkejì òrìṣà" nínú fíìmù, wọ́n ní òrìṣà lọba.

Èkejì òrìṣà ni wọ́n wí o. Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń kí ọba: "Kádé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀." Ta ló ń tọrọ ẹ̀mí gígùn fún Ògún? "Ranka ya daɗe" tí wọ́n fi ń kí sàríkí níbí, àdúrà ẹ̀mí gígùn kan náà ni. Nígbà tí mo sọ ìyẹn fún ọmọ Kàtísínà yìí, ó mirí pé òótọ́ ni.

Ìdọ̀bálẹ̀ ńkọ́? A ń dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ẹni, ọkọ ìyàwó ń dọ̀bálẹ̀ fún àna. Àwọn àáfà kan kò fẹ́ ẹ, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ìkíni ni lọ́dọ̀ àwa tí à ń ṣe é. Samuel Johnson, òpìtàn Yorùbá, kọ ọ́ pé Aláàfin fúnra rẹ̀ a máa dọ̀bálẹ̀ fún Ṣàngó, a sì máa kúnlẹ̀ kí Ìyámọdẹ, obìnrin tó ń gbé ní Bàrà, ibi tí wọ́n ń sin àwọn ọba Ọ̀yọ́ sí, tí ọba ń pè ní bàbá. Ṣàngó alára, ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ni ó tó di òrìṣà. Nígbà tó wà láyé, ọba ni.

Àwọn ìjòyè sì lágbára lórí ọba. Láyé àtijọ́, bí Ọ̀yọ́ Mèsì, àwọn ìjòyè àgbà méje ní Ọ̀yọ́, bá kọ Aláàfin, wọ́n á ní kó ṣígbá wò, ó di dandan kó kú. Ní ayé Baṣọ̀run Gáà, olórí Ọ̀yọ́ Mèsì, láti nǹkan bí 1754 títí di 1774, ó le débi pé Gáà ní kí ọba máa dọ̀bálẹ̀ fún òun. Aláàfin Awọ́nbíojú ní òun ò ní dọ̀bálẹ̀ fún ìjòyè òun. Ọjọ́ 130 péré ló lò lórí ìtẹ́ tí wọ́n fi pa á.

Òótọ́ ni pé àwọn ibì kan wà tí wọ́n ti ka ọba sí òrìṣà. Ní Japan, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1946 ni ọba wọn, Hirohito, tó kéde pé òun kì í ṣe ọlọ́run. Nítòsí wa níbí, Aku Uka ti Wukari, ní Táràbà, ni ọba àwọn Jukun tí wọ́n kà sí òrìṣà bẹ́ẹ̀. Láyé àtijọ́, ìkọ̀kọ̀ ló ti ń jẹun, èèwọ̀ sì ni kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọba jẹun. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ ìtàn wọn sílẹ̀ láyé àwọn òyìnbó ròyìn pé bí ọ̀dá bá dá, tí oko kò sì so, ọrùn ọba yẹn kan náà ni wọ́n ń dì í rù, ó sì lè kú sí i.