Bí géèmù ayìnbọn òfurufú tuntun ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ NES àtijọ́

Ọdún 1983 ni Nintendo gbé ẹ̀rọ géèmù Famicom jáde ní Japan. Nígbà tó dé Amẹ́ríkà ní 1985, wọ́n pààrọ̀ àwọ̀ àti orúkọ rẹ̀, ó di NES. Ó ti pẹ́ tí ilé-iṣẹ́ náà ti ṣíwọ́ ṣíṣe é, síbẹ̀ àwọn èèyàn ò yé kọ géèmù tuntun fún un. Ẹnì kan tàbí ẹni méjì ló sábà máa ń dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe, láìsí ilé-iṣẹ́ ńlá kankan lẹ́yìn wọn. Èyí tí ọkọ̀ kékeré kan ti ń yìnbọn lu ọ̀wọ́ ọkọ̀ ọ̀tá lójú òfurufú sì wà lára ohun tí wọ́n fẹ́ràn jù láti ṣe. Bí a bá tú inú ọ̀kan wò, a ó rí i pé kì í ṣe ẹni tó kọ ọ́ nìkan ló pinnu iye ọta tó ń fò tàbí bí àwọn ọ̀tá ṣe ń tò. Ẹ̀rọ náà ti sọ iye tó fẹ́ gbà kí olúwarẹ̀ tó jókòó. Dúnàádúrà ló kù.

Chip méjì ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ọ̀kan ni ọpọlọ tó ń ṣírò, tí ìlù rẹ̀ ń lù ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.79 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí ibi ìrántí rẹ̀ ò sì ju kílóbáìtì 2 lọ. Fọ́tò kan ṣoṣo lórí WhatsApp máa ń gbà ju ìlọ́po ogún ààyè yẹn lọ. Èkejì, tí wọ́n ń pè ní PPU, ló ń ya àwòrán sójú tẹlifíṣọ̀n: àmì kéékèèké tí wọ́n ń pè ní pixel, 256 ní ìbú, 240 ní gíga, nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìyàwòrán kọ̀ọ̀kan yìí ni fréèmù.

Ohunkóhun tó bá ń rìn káàkiri fúnra rẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n, sprite ni: àwòrán pẹ́ńpẹ́ tó sábà máa ń jẹ́ pixel 8 sí 8. PPU ò gbà ju 64 lọ lẹ́ẹ̀kan. Iye yẹn pọ̀ létí, àmọ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pixel 16 sí 16 ti jẹ sprite 4. Ọkọ̀ ọ̀tá mẹ́fà tó tóbi bákan náà yóò jẹ 24. A ò tíì yin ìbọn kankan, a ò sì tíì ya iná ìbúgbàù, 28 ti lọ.

Èyí tó le jù wà níbòmíràn. PPU máa ń ya ojú tẹlifíṣọ̀n ní ìlà kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì ní òfin kan: sprite 8 péré ló lè yà lórí ìlà kan. Ìkẹsàn-án ò ní hàn. Kò ní fi bẹ́ẹ̀ lọ́ra, kò ní kìlọ̀, á kàn pòórá ni. Ẹ wò ó bí ọkọ̀ ọ̀tá mẹ́rin bá tò ní ìbú, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó sprite méjì. Mẹ́jọ ti pé. Ọta kan tó bá gba orí ìlà yẹn kọjá lè di ohun tí ojú ò rí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọta tí ojú ò rí ṣì lè pa ọkọ̀ ẹni, nítorí chip tó ń ṣírò ò mọ ohun tí èyí tó ń yàwòrán ti fò.

Bí wọ́n ṣe ń yanjú rẹ̀ ni pé àwọn sprite ní àkọsílẹ̀ kan tí PPU máa ń kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Mẹ́jọ tó bá kọ́kọ́ bá lórí ìlà ló ń yà. Nítorí náà, géèmù á máa yí ètò àkọsílẹ̀ náà padà ní fréèmù kọ̀ọ̀kan. Èyí tó pòórá nísinsìnyí á jáde ní fréèmù tó tẹ̀ lé e, òmíràn á sì fún un láyè. Ohun tí ojú máa rí ni pé àwọn nǹkan ń ṣẹ́jú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé ẹ̀rọ náà ló ń kú lọ nígbà tí wọ́n bá rí i, àmọ́ ẹni tó kọ géèmù ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Ibí yìí gan-an ni a ti ń mọ ẹni tó mọṣẹ́. Ẹni tí kò fẹ́ wàhálà á kàn máa yí gbogbo àkọsílẹ̀ po, ọkọ̀ òṣèré, ìyẹn ẹni tó di páàdì mú, náà á sì máa ṣẹ́jú pẹ̀lú àwọn yòókù. Ẹni tó ronú dáadáa á fi ọkọ̀ òṣèré sí ìbẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ láéláé, ọta àwọn ọ̀tá ló máa tẹ̀ lé e tí á máa yí po láàárín ara wọn, ọta òṣèré fúnra rẹ̀ ló máa kẹ́yìn. Bí ọta tí èèyàn yìn bá pòórá díẹ̀, kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Òfin mẹ́jọ yìí kan náà ló fà á tí àwọn ọ̀tá fi máa ń tò ní òòró, tàbí kí wọ́n rìn bí ejò, dípò kí wọ́n tò ní ìbú. Òun ló sì wà nídìí dúdú tí ojú òfurufú máa ń dà nígbà tí ọ̀gá àwọn ọ̀tá bá yọ. Ọ̀gá ńlá náà kì í ṣe sprite rárá. Ara àwòrán ẹ̀yìn, ibi tí ìràwọ̀ máa ń wà, ni wọ́n yà á sí, wọ́n wá ń ti gbogbo ẹ̀yìn náà síwá sẹ́yìn kó lè dà bíi pé òun ló ń rìn. Bí ìràwọ̀ bá wà níbẹ̀, wọn á máa bá a rìn, àṣírí á tú.

Àkókò náà ń fẹ́ ìṣọ́ra. Nígbà tí PPU bá ń yàwòrán lọ́wọ́, kò ṣeé fọwọ́ kàn. Nínú nǹkan bí ìlù 29,780 tó wà nínú fréèmù kan, nǹkan bí 2,270 péré ni ilẹ̀kùn fi ń ṣí, ìyẹn ìgbà tó bá parí ìlà ìkẹyìn kó tó padà sókè. Dída àkọsílẹ̀ sprite sínú rẹ̀ nìkan ti ń jẹ nǹkan bí 513. Inú ìyókù ni iye àmì àti àwòrán tuntun gbọ́dọ̀ bá wọlé.

Ìyókù fréèmù ni a fi ń ka páàdì, tí a fi ń gbé ọkọ̀ rìn, tí a sì fi ń wò ó bóyá ọta ba nǹkan. Chip náà ò mọ ìsọdipúpọ̀, nítorí náà wọ́n máa ń ṣírò ọ̀nà tó yí kọdọrọ sílẹ̀ ṣáájú, kí géèmù kàn máa kà á. Àpótí tí wọ́n fi ń wádìí bí ọta bá ba ọkọ̀ òṣèré sábà máa ń kéré ju ọkọ̀ tí a ń rí lọ, kí ọta tó kàn fara kan apá ọkọ̀ má bàa pààyàn. Ti ìbọn yíyìn náà ní ààlà: ààyè bíi mẹ́jọ ni wọ́n á yà sọ́tọ̀ fún ọta òṣèré, bí wọ́n bá ti kún, bọ́tìnnì tí a tẹ̀ ò ní mú nǹkan jáde. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá sún mọ́ ọ̀tá fi ń yìnbọn kíákíá ju ẹni tó jìnnà sí i: ọta rẹ̀ ń bà á ní wàràwàrà, ààyè sì ń ṣí. Bí ìṣírò bá pọ̀ ju fréèmù kan lọ, géèmù á ré sí fréèmù kejì, gbogbo nǹkan á wá máa rìn ní ìdajì eré. Àwọn kan tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, ó ń fún wọn láyè láti mí.

Ẹni tó ń dá ṣe é ò lè ya ìpele mẹ́wàá. Géèmù Blade Buster, tí àwọn ará Japan kan tó ń jẹ́ High Level Challenge ṣe tí wọ́n sì fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, gba ọ̀nà ọgbọ́n: ìṣẹ́jú 2 tàbí 5 ni eré náà, kí olúwarẹ̀ kó àmì tó bá lè kó. Ìdíje tí ilé-iṣẹ́ géèmù Hudson bẹ̀rẹ̀ ní Japan ní 1985 ni àṣà yẹn ti wá.

Assembly, èdè tó sún mọ́ ti chip fúnra rẹ̀ jù, ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń kọ kóòdù, àwọn míì ń lo èdè C pẹ̀lú cc65 tó ń túmọ̀ rẹ̀ fún chip, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì ti ń dán an wò pẹ̀lú Mesen, ètò tó ń ṣe bíi NES. Àmọ́ ìyẹn ò tó. Nọ́ńbà játijàti ló máa ń kún ibi ìrántí ẹ̀rọ gidi nígbà tí a bá tàn án, géèmù tó sì rò pé òfo ló wà níbẹ̀ lè kú lójú ẹsẹ̀. Kaséètì NES tún nílò chip kan tó máa dá àgádágodo inú ẹ̀rọ, èyí tó ń dènà kaséètì tí Nintendo ò fọwọ́ sí, lóhùn. Famicom ò ní àgádágodo yẹn, ayédèrú rẹ̀ tó gbòde ní Nàìjíríà nígbà kan rí pẹ̀lú ò ní in. Ìyàtọ̀ ni pé ẹsẹ̀ irin (pin) 60 ni kaséètì tiwọn ní, ti NES jẹ́ 72.

Ẹ̀rọ ti Yúróòpù ń ya fréèmù 50 dípò 60, géèmù tí kò bá mọ̀ á rọra máa wọ́ níbẹ̀. Èyí tí wọ́n fara balẹ̀ kọ á kọ́kọ́ ka iye ìlù tó wà láàárín fréèmù kan sí èkejì ní kété tí wọ́n bá tàn án, á mọ ẹ̀rọ tó wà, á sì mú eré àwọn ọta le sí i.